Bí Mo Ṣe Kó Àwọn Aláǹtakùn Ńlá Kúrò Lójú Ọ̀nà ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí òjò bá ti rọ̀ dé oṣù Kẹsàn-án ní Òṣogbo, àwọn aláǹtakùn ńlá a máa ta òwú wọn kárí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀: láàárín igi ọsàn àti ògiri, lókè ọ̀nà kànga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí, àti lẹ́nu ilé ewúrẹ́. Lọ́dún yìí, wọ́n pọ̀ débi pé màmá mi kì í lè lọ pọnmi láàárọ̀ láìmú igi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bá mi ra oògùn, kí o fín gbogbo wọn. Mi ò lè máa fi ojú kó òwú lójoojúmọ́." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú láti kó wọn kúrò lójú ọ̀nà ná, nítorí pé ọmọrí kànga wa kò dé dáadáa, àwọn adìyẹ wa sì máa ń ṣa kòkòrò tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ jẹ.

Ohun tí ó jẹ́ kí n ní ìgboyà láti sún mọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin, tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ti ń bá bọ̀. Aláǹtakùn kan tí wọ́n ń pè ní Joro ti gba àgbàlá mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ Japan, Korea, China àti Taiwan ni ó ti wá. Nǹkan bí ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Georgia, ó sì jọ pé inú ẹrù ọkọ̀ òkun ni ó bá dé. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé South Carolina, North Carolina, Tennessee àti Alabama, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ a máa na òwú tín-ín-rín sókè kí afẹ́fẹ́ lè gbé wọn lọ, wọ́n a sì tún máa bá mọ́tò àti ẹrù rìn. Ara abo rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ikú dé. Ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò lágbára sí ènìyàn, eyín rẹ̀ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ lè wọ awọ ara. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Georgia fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ lu oríṣiríṣi aláǹtakùn láti mọ bí wọ́n ṣe lójo tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró láìmira fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Joro àti ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ wà lójú kan fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Ojo ni gbogbo ẹbí yìí, bí mo ṣe rí i sí.

Ẹbí yìí náà ni tiwa ti wá, nítorí pé ìrísí rẹ̀ bá ti Trichonephila senegalensis mu, èyí tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àbúrò mi a máa fi igi já ti ẹnu ọ̀nà wọn sínú omi ọṣẹ, n kò sì bá a wí, torí àwọn olùwádìí ti rí i pé ibi tí Joro bá ti pọ̀, àwọn aláǹtakùn ìbílẹ̀ tí ń ta irú òwú bẹ́ẹ̀ a máa dín kù. Màmá mi bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pa tọ̀hún-ún, tí èmi sì fẹ́ máa gbé tiwa káàkiri bí ọmọ tuntun. Mo ní tọ̀hún-ún bá onílé nílé, ó sì ń tì í jáde, ṣùgbọ́n tiwa ni onílé. Wọ́n ní kò burú, kí onílé náà ṣáà má dé ìdí kànga mọ́.

Alẹ́ ni mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ gbogbo ẹ̀yìnkùlé wò, nítorí pé òwú náà a máa hàn kedere bí iná bá kọ lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ó ga ju orí ènìyàn lọ ni mo fi sílẹ̀. Èyí tí ó dí ọ̀nà ni mo so àkísà pupa mọ́ ẹ̀ka tí ó sún mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí oòrùn tó mú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo mú ọwá ọ̀pẹ gígùn kan àti korobá tí ó fẹ̀ lẹ́nu. Èyí tí ó wà lẹ́bàá kànga ni mo kọ́kọ́ kojú. Ó doríkodò láàárín òwú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, yẹ́lò sì là á láàárín. Lókè rẹ̀ ni àwọn akọ kéékèèké wà, tí ènìyàn lè pè ní ọmọ rẹ̀ bí kò bá mọ̀, tí wọ́n rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìyáálé má baà kíyè sí wọn. Ìyẹ́ tata àti òkú eṣinṣin tí ó ti fi òwú dì wà ní ìtòsí.

Mo ti orí ọwá bọ inú òwú láti ẹ̀gbẹ́, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí òwú náà lè máa wé mọ́ ọn títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ aláǹtakùn. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu lù ú. Ó kó ẹsẹ̀ jọ, kò sì mira. Ibẹ̀ ni mo ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, mo gé àwọn okùn tí ó so òwú náà mọ́ ẹ̀ka lókè, òun àti ilé rẹ̀ sì bọ́ pọ̀ mọ́ orí ọwá. Àwọn mìíràn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n a já ara wọn sílẹ̀ lórí okùn kan ṣoṣo, ìdí nìyí tí korobá fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀yìn ògiri, níbi tí igi gúáfà àti koríko ti dí pọ̀, ni mo ń kó wọn lọ, torí pé bí a bá fi wọ́n sí ìtòsí, wọ́n lè rìn padà sójú ọ̀nà. Mo máa ń gbé orí ọwá ti ewé, kí aláǹtakùn fúnra rẹ̀ gòkè nígbà tí ó bá wù ú.

Òwú tí ó kù lórí ọwá ní àwọ̀ wúrà, ó sì le débi pé mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí mo ṣe ń fà á já. Àwa tí a mọ sányán mọ̀ pé kòkòrò lè fún ènìyàn ní aṣọ. Ní Madagascar, wọ́n fa òwú lára irú aláǹtakùn yìí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n fi hun aṣọ tí wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní New York ní ọdún 2009, wọ́n sì tú àwọn aláǹtakùn náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa òwú lára wọn tán. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan.

Kíkó wọn nìkan kò tó, nítorí pé ibi tí oúnjẹ bá wà ni aláǹtakùn ń pàgọ́ sí. Gílóòbù ẹ̀yìn ilé wa a máa tàn mọ́jú, kòkòrò a sì rọ́ dé sábẹ́ rẹ̀. A ti ń pa á bí a bá fẹ́ sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníná fúnra wọn ń bá wa pa á lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gé àwọn ẹ̀ka ọsàn tí ó tẹ̀ sórí ọ̀nà kànga, mo sì tú okùn aṣọ kúrò lára igi, mo so ó mọ́ òpó irin méjì tí ó dá dúró, kí ó má sí ibi tí wọn yóò ti na òwú dé ibẹ̀.

Ohun tí ó kù ni àpò ẹyin. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin ẹyin, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó lè wà nínú àpò Joro kan, ìdí nìyí tí àbúrò mi fi ń ha wọ́n kúrò lára ògiri nígbà òtútù, lẹ́yìn tí àwọn àgbà rẹ̀ bá ti kú. Ní tiwa, èyí tí mo bá rí lára ewé nítòsí kànga tàbí ilé ewúrẹ́, màá gé e pẹ̀lú ewé rẹ̀, màá sì gbé e lọ sídìí gúáfà. Èyí tí ó bá wà lẹ́yìn ògiri kò kàn mí.