Ẹ Má Kó Gbogbo Àgbàdo Yín Tà Lọ́sẹ̀ Ìkórè

Oko àti ọ̀sìn ni owó abúlé ti ń wá. Owó tí àgbẹ̀ bá pa ló fi ń san owó lébìrà, òun náà ló fi ń ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, awakọ̀ àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo sì ń jẹ níbẹ̀. Bí irè oko bá lọ lówó pọ́ọ́kú, gbogbo wọn ló máa kàn.

Síbẹ̀, lọ́dọọdún là ń rí i: gbogbo àgbàdo ni wọ́n ń kó tà nígbà tí gbogbo ayé ń tà. Oṣù díẹ̀ sí i, wọ́n á tún lọ máa rà á padà ní ọ̀wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ ṣírò kí ẹ tó tà. Ilé tó ń jẹ kìló 7 lọ́sẹ̀, tí ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ 40, kìló 280 ni tirẹ̀. Ẹ fi irúgbìn kún un, kìló 20 sí 25 fún hẹ́kítà 1. Àpò oníkìló 100 mẹ́ta ti pé nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ ó ní kòkòrò á jẹ ẹ́. Àgbàdo tútù lẹ kó pamọ́ ni! Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Ẹ má fi eyín dán an wò. Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ 3 sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo sí i kó dé ìdá 1 nínú 3 ìgò náà, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi rẹ̀ ṣì lé ní ìdá 15. Ẹ tún un sá. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì fi oòrùn ọjọ́ kan sí méjì kún un.

Àwọn kan kì í fẹ́ sá a torí ìwọ̀n. Lóòótọ́, kìló 100 tó ní omi ìdá 20 máa ń di nǹkan bíi 92 tó bá gbẹ dé ìdá 13. Omi ni kìló 8 yẹn. Àgbàdo tó bu lè ní oró aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti adìẹ jẹ́, sísè kò sì lè pa á.

Àpò onípele 3 ni kẹ́ ẹ lò: ọ̀rá 2 nínú, àpò híhun lóde. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ògiri. Ọ̀rá tó bá lu, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olọ́sìn, tí bùkátà bá dé, ẹ má ta ewúrẹ́ tó lóyún. Nǹkan bí ọjọ́ 150 péré ló fi ń gbé oyún. Àwọn akọ tó lé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà èyí tó ti darúgbó tí kò bí mọ́.