Bí ẹ ṣe lè ka òfin Mósè kó yé yín: láti orí edé inú ìkọ́kọrẹ́ dé orí kànga ẹ̀yìnkùlé

Màmá kan ló bèèrè ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé Bíbélì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n ní àwọn ka Léfítíkù orí 11, ẹsẹ 9 sí 12, ibẹ̀ ní gbogbo nǹkan inú omi tí ò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, ìríra ni, wọ́n wá ní ṣé ìkọ́kọrẹ́ tí àwọn ti ń sè látọjọ́ tí àwọn ti dé ilé ọkọ, tí edé máa ń kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ làwọn ti ń sè fún ọkọ àti ọmọ látọjọ́ yìí? Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín o, torí ìbéèrè gidi ni. Ẹnì kan ní òfin ti kọjá lọ, ká gbàgbé ẹ̀, ẹlòmíì ní rárá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í yẹ̀, bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tó di pé a ṣe àdúrà ìparí, màmá ò sì rí ìdáhùn mú lọ sílé. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀nà tí èmi fi ń ka òfin ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹ ṣí Bíbélì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bá a ṣe ń lọ.

Kẹ́ ẹ tó débi òfin kankan rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ẹ́kísódù orí 20, ẹsẹ kejì. Ṣẹ́ ẹ rí i pé kí Ọlọ́run tó pàṣẹ ẹyọ kan, ó ti kọ́kọ́ sọ pé òun lòun mú wọn jáde ní Íjíbítì, kúrò lóko ẹrú. Wọ́n ti la Òkun Pupa kọjá kí wọ́n tó gbọ́ "ìwọ ò gbọdọ̀". Kò sẹ́ni tó pa òfin mọ́ kí Ọlọ́run tó gbà á là, ìgbàlà ló ṣáájú, òfin wá tẹ̀lé e láti kọ́ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ bó ṣe máa gbé pẹ̀lú Ọlọ́run àti aládùúgbò ẹ̀. Ẹni tó bá yí èyí po, gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn ẹ̀ á máa dẹ́rù bà á ni, tàbí kó máa gbéra ga. Gálátíà 2:16 wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i lẹ́nu Pọ́ọ̀lù.

Ìyẹn tán. Tẹ́ ẹ bá wá mú òfin kan, ẹ bi í pé: ta ni wọ́n sọ ọ́ fún, kí ló sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó ṣeé ṣe? Àwọn olùkọ́ Júù ka òfin náà, wọ́n ní 613 ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé tí kò bá sí pẹpẹ, tí kò sí àlùfáà láti ìdílé Árónì, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Àwọn ará Róòmù wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70 Sànmánì Kristẹni, látìgbà náà àwọn Júù fúnra wọn ò rú ẹbọ ẹran níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ṣí Léfítíkù fún yín tó ní kẹ́ ẹ mú àgbò wá fún ẹ̀ṣẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé níbo ni pẹpẹ náà wà, kẹ́ ẹ wá ka Hébérù orí 10 fún wọn, níbi tó ti sọ pé Jésù fi ara ẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn máa fo àwọn òfin ẹbọ yẹn o. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ wo Léfítíkù orí 12, obìnrin tó bá bímọ, tí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ bá pé, ọ̀dọ́ àgùntàn ló máa mú wá pẹ̀lú ẹyẹ kan, àmọ́ ẹsẹ 8 ní tí agbára ẹ̀ ò bá ká àgùntàn, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá. Ẹ wá ṣí Lúùkù 2:24, kẹ́ ẹ wo ohun tí Jósẹ́fù àti Màríà mú lọ sí tẹ́ńpìlì. Ẹyẹ ni! Ilé tí wọ́n bí Olúwa wa sí, wọn ò lówó àgùntàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti gbọ́ ìwàásù Kérésìmesì kí n tó rí èyí, Léfítíkù tí mo máa ń fò ló sì là mí lójú.

Ìbéèrè tó kàn lèmi fẹ́ràn jù: kí ni òfin yìí ń dáàbò bò? Ẹ mú Diutarónómì 22:8. Ó ní tó o bá kọ́ ilé tuntun, kó o ṣe ògiri kékeré yí òrùlé ẹ ká, kí ẹnì kan má bàa já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá wà lọ́rùn ilé rẹ. Òrùlé tiwọn pẹrẹsẹ ni, wọ́n máa ń jókòó síbẹ̀, wọ́n máa ń sùn síbẹ̀. Páànù tiwa da gẹ̀ẹ́rẹ́, ta ló fẹ́ sùn síbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé "ṣé ká ṣe é àbí ká má ṣe é" nìkan lẹ ń bèèrè, ẹ máa ṣí ojú ewé síwájú ni. Àmọ́ ẹ fi Ẹ́kísódù 21:33 àti 34 tì í, ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá já sí i, ó máa san owó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá délé wàyí. Mélòó nínú kànga ẹ̀yìnkùlé wa ló ní ìdérí tó dáa? Ewúrẹ́ ìyá kan ládùúgbò ti já sí kànga ilé wa rí ní Òdogbolú, ògbólógbòó páálí àti pákó tó ti jẹrà la fi bò ó, a gbé òkú ẹ̀ jáde, ẹnì kan nínú ilé wa ní kí ìyá náà lọ máa so ewúrẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀. A ò sanwó. Kristẹni ni gbogbo wa nínú ilé yẹn, a sì ń ka Bíbélì láràárọ̀. Ní alẹ́ tí mo ka ẹsẹ yẹn lójú mi là, kí oṣù yẹn tó parí a ti ní kí wẹ́dà ṣe ìdérí onírin sí i, mo sì gbé owó ewúrẹ́ lọ fún ìyá, ó ti pẹ́ o, àmọ́ wọ́n gbà á.

Bákan náà ni Diutarónómì 24:6 tó ní kí wọ́n má gba ọlọ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè, torí pé ẹ̀mí ẹ̀ ni wọ́n gbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tẹ́ ẹ ń yá èèyàn lówó, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́ fi ṣe gààrí, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń rin ín nítorí gbèsè, kí ló máa wá fi san án?

Ó kù kẹ́ ẹ wo ohun tí Jésù àtàwọn àpọ́sítélì ṣe sí òfin náà, ibí ni màmá wa ti máa rí ìdáhùn. Léfítíkù 20, ẹsẹ 24 sí 26, ló sọ ìdí tí oúnjẹ fi yàtọ̀: Ọlọ́run ya Ísírẹ́lì sọ́tọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ká lè máa rí ìyàsọ́tọ̀ náà títí dénú àwo oúnjẹ wọn. Nínú Máàkù 7, Jésù ní ohun tó ń wọ ẹnu kọ́ ló ń sọ èèyàn di aláìmọ́, ohun tó ń ti inú ọkàn jáde ni, ẹsẹ 19 sì ní ó pe gbogbo oúnjẹ ní mímọ́. Nínú Ìṣe orí 10 Pétérù rí aṣọ ńlá tó kún fún ẹran nígbà tó wà ní Jọ́pà, ó sì yé e lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ èèyàn ni Ọlọ́run ń bá òun sọ, pé kóun má pe ẹnikẹ́ni ní aláìmọ́. Ògiri tó wà láàárín Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù ti wó, àmì tó wà lára ògiri, ìyẹn òfin oúnjẹ, ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tán. Màmá, ẹ máa se ìkọ́kọrẹ́ yín, ẹ fi edé sí i, ẹ fi ẹja àrọ̀ tí kò nípẹ̀ẹ́ sí i.

Àmọ́ ẹ má fi rẹ́ni jẹ o. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ tí Yunifásítì Babcock wà, àwọn ará ìjọ Adventist ibẹ̀ ń pa Sábáàtì mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í jẹ edé, ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn. Róòmù 14 ní kí ẹni tó ń jẹ má fojú tín-ín-rín ẹni tí kì í jẹ, kí ẹni tí kì í jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́bi. Tẹ́ ẹ bá gbà wọ́n lálejò, ẹ má fi edé sọ́bẹ̀.

Ohun kan tó máa ń ká mi lára ni Léfítíkù 15. Àwọn ìjọ kan nílẹ̀ wa fi ẹsẹ 19 dá obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù dúró sẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ẹsẹ 16 tó wà lókè ẹ̀ sọ pé ọkùnrin tí àtọ̀ bá ti ara ẹ̀ jáde jẹ́ aláìmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ta ló ń bi ọkùnrin léèrè lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ ka orí náà tán, kẹ́ ẹ wá ka Máàkù 5, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ẹ̀ fún ọdún 12 tó fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Jésù ò lé e. Ó pè é ní ọmọbìnrin.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní Léfítíkù, á sú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 19, ẹsẹ 37 péré ló wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni Jésù ti mú "fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ gẹ́gẹ́ bí ara rẹ". Ẹ mú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹsẹ 13 ní owó alágbàṣe ò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹ di àárọ̀, Jákọ́bù 5:4 sì tún un sọ fún àwa Kristẹni, kí àwa tá a máa ń ná owó ńlá sórí aṣọ ẹgbẹ́ lásìkò Ojúde Ọba rántí lébírà tó ru búlọ́ọ̀kù fún wa. Ẹsẹ 35 àti 36 wà fún ẹni tó ń tajà ní Òkè-Ajé tí wọ́n ti lu ìdí kóńgò ẹ̀ wọnú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìdámẹ́wàá dánra wò fúnra yín, èmi ò ní ṣe tìyẹn fún yín. Diutarónómì 14, ẹsẹ 22 dé 29: ẹ bi í ní gbogbo ìbéèrè tá a ti bi àwọn tó kù, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó jẹun níbẹ̀ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.