Bí A Ṣe Ń Kó Ẹ̀wà Lọ Tà ní Òkè Òkun Láì Ba Orúkọ Ọjà Wa Jẹ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nígbà tó sì di ọdún 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Ohun tó fà á kò fara sin. Nínú àwọn ẹ̀wà tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ òtapiápiá tí wọ́n ń tà ní ìgboro, láti ìwọ̀n 0.03 títí dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló da oògùn sí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ni ọjà náà bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Nítorí èyí ni mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òwò òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi òtítọ́ tọ́jú ọjà, kó tó kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwé rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti ń ra ẹ̀wà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà wa, ọwọ́ tó sì ń gbà kọjá kó tó dé Bódìjà tàbí Èkó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn lè wọ inú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kórè rẹ̀, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí àti ohun tí wọ́n fi lé kòkòrò. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀wà tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ má sì da ìpín méjì pọ̀. Àpò kan ṣoṣo tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀ tó láti ba odidi kọ̀ǹténà jẹ́.

Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa ṣeé tọ́jú láìsí oògùn rárá. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ da iyọ̀ gbígbẹ lé e, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún sá ẹ̀wà náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo àpò PICS, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe nítorí ẹ̀wà gan-an: ọ̀rá nípọnnípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun sì wà lóde. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó lu. Bí ẹ bá ti rọ ẹ̀wà sí i, ẹ lé atẹ́gùn jáde, kí ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú, kí ẹ ká a, kí ẹ fi okùn dì í pinpin, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì àti sí àpò òde. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, yóò sì kú síbẹ̀. Owó àpò yìí ju ti àpò lásán lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni owó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù tí wọ́n dá padà? Kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, ẹ mú díẹ̀ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé àyẹ̀wò tí oníbàárà yín gbà.

Òtítọ́ kan náà yìí ni kó wà nínú ọ̀nà tí ẹ ń gbà bá àwọn ènìyàn lò. Ẹni tó lu ìdí kóńgò yọ síta kó lè gba ẹ̀wà púpọ̀ sí i lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń jalè ni, ohunkóhun tí wọn ìbáà máa pè é ní ọjà. Ẹ wọn ọjà ní kílò níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ san owó àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà ní ọjọ́ tí ẹ dá fún wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ru àpò, nítorí Nàìjíríà ti buwọ́ lu àdéhùn 182 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tó lòdì sí irú iṣẹ́ ewu bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé.

Ní ti ìwé, ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí àwọn olùtajà sókè òkun lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sókè òkun. Báńkì yín ni yóò bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, èyí tí a fi ń kọ ọjà tó ń lọ sókè òkun àti owó rẹ̀ sílẹ̀. NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ni yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Iye tí oníbàárà yóò san gan-an ni kí ẹ kọ sínú NXP. Àwọn kan máa ń dín in kù kí wọ́n lè fi ìyókù sílẹ̀ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ìlànà báńkì àgbà Nàìjíríà, CBN, ni pé kí owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì wọlé láàárín 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá wọ ọkọ̀.

Ẹ ṣọ́ra nípa àdéhùn lórí ta ni yóò ru ìnáwó àti ewu. Nínú irú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní FOB, tí ẹrù bá ti wọ inú ọkọ̀ ní Àpápá, ewu rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn oníbàárà, òun náà ni yóò sì sanwó ọkọ̀. Nínú irú kejì tí wọ́n ń pè ní CIF, ẹ̀yin lẹ ó san owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò, síbẹ̀ ibi tí ewu ti ń kúrò lọ́rùn yín kò yí padà: inú ọkọ̀ ní Àpápá náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí títí ìjà yóò fi dé. Bí oníbàárà bá lo letter of credit, ìyẹn ìwé tí báńkì rẹ̀ fi ṣèlérí láti sanwó fún yín bí ìwé ọjà bá pé, ẹ rántí pé ìwé ni báńkì máa ń wò, kì í tú àpò. Bí ọjọ́, orúkọ tàbí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, báńkì lè kọ̀ láti sanwó. Nítorí pé báńkì kì í wo ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fi ìwé tó mọ́ bo ọjà tó bàjẹ́ lè gba owó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní padà wá.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gúnjẹ kí ẹrù lè yára kọjá. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ìkánjú má baà sọ yín di ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì ń ra ọjà láti ilé níláti mọ̀ pé òfin ìlú náà tó de rìbá, ti ọdún 2010, ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn dé Èkó, kò sì yọ owó kékeré tí a fi ń mú iṣẹ́ yá sílẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ ẹrù yín ní èbúté òkè òkun nítorí oògùn, ẹ fi nọ́ńbà ìpín náà wá àpò yòókù tó bá a jáde láti ibì kan náà, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó tà á fún yín àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ń rà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dá ẹrù náà padà sílé, ẹ má gbé e lọ sí Bódìjà. Ohun tí wọ́n sọ pé kò dára fún ọmọ ìlú Jámánì láti jẹ kò dára fún ọmọ Ìbàdàn náà, nítorí náà ẹ bá àjọ NAFDAC sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ó ṣe pa á run, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.