Bí mo ṣe ṣírò owó ẹrù ilé àwọn òṣìṣẹ́ wa n'Íbàdàn

Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Olúyọ̀lé ní ilé oníyàrá méjì mẹ́jọ lẹ́bàá Ọ̀nà Akala, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Inú owó oṣù wọn la ti ń yọ owó ilé. Nígbà tí ọ̀gá ní kí n wo iye tí yóò ná wa láti kó ẹrù ilé bíi bẹ́ẹ̀dì àti àga síbẹ̀, mo pinnu pé n kò ní wo iye tí wọ́n pè é lọ́jà nìkan. Ẹrù tí ayálégbé mẹ́ta-mẹ́rin yóò lò, iye ọdún tó máa lò ló yẹ ká fi pín owó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ mú. Káfíńtà kan nítòsí ọjà pákó Bódìjà pe ti igi líle ní 180,000 náírà, ó pe ti bọ́ọ̀dù, ìyẹn èérún igi tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, ní 95,000. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ti bọ́ọ̀dù yìí ò lè pẹ́ ni?" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n da díẹ̀ sí etí àfọ́kù bọ́ọ̀dù kan nílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ owó lọ ná." Nígbà tí a fi dúnàádúrà tán, etí bọ́ọ̀dù náà ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ń rún. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ilé wa, òjò ń gba ojú fèrèsé wọlé, omi ni wọ́n sì fi ń fọ ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì bọ́ọ̀dù tó wà nínú ilé àlejò wa kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó yẹgẹ. Pín 95,000 sí mẹ́ta, ó lé ní 31,000 lọ́dún. Mo fi ọdún 12 pín ti igi, ó jẹ́ 15,000. Igi ni mo kọ sílẹ̀, àti fún kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná pẹ̀lú.

Ti fóòmù yàtọ̀. Ta ló fẹ́ sùn sórí fóòmù tí ẹlòmíràn ti làágùn sí? Mo dábàá pé kí á fún òṣìṣẹ́ lówó nígbà tó bá ń wọlé, kó ra èyí tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu, kó sì gbé e lọ nígbà tó bá ń kó jáde.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo yọ kúrò pátápátá. Òṣìṣẹ́ ló ń ra iná fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2024 sì ni owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, fò lọ sí 225 náírà fún kílówáàtì kan ní wákàtí. Ẹ̀bùn tó ń jẹ owó oṣù ni ẹ̀rọ náà. Fáànù òkè àjà tó.

Akáńtáǹtì wa ló là mí lójú sí apá kan tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ọn. Òfin owó-orí ka ẹrù iléeṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ sí ohun tó ń wọlé fún un. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a rà á ni wọ́n ń fi kún un lọ́dún. Ẹrù mílíọ̀nù kan náírà, 50,000 nìyẹn. Tí a bá wá to àga olówó ńlá sí pálọ̀, ẹni tí kò bèèrè rẹ̀ ni yóò máa san owó-orí lé e lórí.

Mo tún lọ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, àga tí èmi àti ọkọ mi rà nígbà ìgbéyàwó wa ńkọ́? Ibo la máa kó o sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí pálọ̀ ṣófo.

Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i fún ilé mẹ́rin. Owó àtúnṣe ló kù tí a ṣì ń fà: mo fẹ́ kí á máa ya á sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nínú owó ilé tí à ń gbà, ọ̀gá ní ó di ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. N kò tíì gbà.