Orúkọ Oko Ni Mo Tẹ̀ Lé Dé Nọ́wè

Ọjọ́ tí a sọ ọmọ wa lórúkọ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. A wà nílé wa ní Minnesota, bàbá mi wà lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n ń súre. Wọ́n ki ọmọ náà, wọ́n kì í títí wọ́n fi ki ọ̀dọ̀ tiwa tán, wọ́n wá dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, ọ̀dọ̀ tiwa ni mo kì tán yìí o. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ibo ni wọ́n?"

Mo ní, "Bàbá, ará Nọ́wè ni àwọn baba ńlá wọn."

Wọ́n ní, "Nọ́wè kì í ṣe agboolé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo bi ọkọ mi, ohun tó mọ̀ kò ju pé tọkọtaya kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá nígbà láéláé, wọ́n dáko sí káúńtì Goodhue, wọ́n sì sin wọ́n sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Lútérù tó wà níbẹ̀. Bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ yìí nìyẹn. Àwọn ará Nọ́wè tó ré òkun wá sí Amẹ́ríkà ti Àríwá láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti 1825, lé ní 800,000. Bẹ́ẹ̀ ní 1865, gbogbo èèyàn tó wà ní Nọ́wè kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tú jáde tó.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, ó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá, wọ́n mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n ní kí n ká aṣọ kúrò lórí àpótí kan. Àpótí igi ni. Ọmọrí rẹ̀ ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá, irin dúdú gbá a mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n wá fi pupa àti funfun ya òdòdó tó lọ́ mọ́ra wọn sí iwájú. Láàárín òdòdó yẹn, orúkọ obìnrin kan wà tó parí sí "datter," ìyẹn "ọmọbìnrin" ní èdè Nọ́wè, ọdún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: 1868. Aṣọ òtútù ni màmá ń kó sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ bàbá ọkọ mi. Mo fi ìka tọ ọ̀dà náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin yìí gan-an ló kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí yìí, tó tì í, tó sì kúrò nílé títí ayé.

Mi ò kọ́kọ́ sáré lọ sí Nọ́wè. Ẹni tó ń wá orísun odò, ibi tó bá odò náà ló ti ń gòkè lọ. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni Amẹ́ríkà ń ka èèyàn, wọ́n sì máa ń ti ìwé náà pa fún ọdún 72 kí ará ìlú tó lè rí i. Èyí tó ṣí kẹ́yìn ni ti 1950, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Mo rí bàbá ọkọ mi níbẹ̀, ọmọ ọdún 12, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí mo fi han màmá, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ǹpútà mi, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti ibẹ̀ mo gba 1940, 1930, 1920 àti 1910 kọjá láìsí wàhálà púpọ̀.

Ti 1900 ni ẹ má ṣe sáré kọjá. Ó kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọdún tí ó wọ Amẹ́ríkà, àti iye ọdún tí ó ti wà nílé ọkọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi ìyá kọ̀ọ̀kan léèrè: ọmọ mélòó lo bí? Mélòó ló wà láàyè? Nínú àpótí kéékèèké méjì tó wà níwájú orúkọ ìyá àgbà, obìnrin inú tọkọtaya tó ré òkun wá yẹn, akọ̀wé kọ 9, ó sì kọ 5. Mo ń fún ọmọ mi lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á. Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé, mi ò sì ṣí i títí di ọjọ́ kejì.

Ti 1890, kò sí mọ́. Iná ṣẹ́ ní Washington ní oṣù kìíní ọdún 1921, ohun tí iná ò jó, omi tí wọ́n fi pa á bà á jẹ́, díẹ̀ ṣíún ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Minnesota ní ìkànìyàn tirẹ̀ tó bọ́ sí àárín ti Amẹ́ríkà: 1885, 1895, 1905. Ti 1885 ló gbà mí.

Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ẹni tí kì í ṣe tiwa. Orúkọ ìdílé tí ọkọ mi ń jẹ́ ni mo fi wá wọn nínú 1880, kò sí. Mo wá fi orúkọ àbísọ bàbá àgbà àti ọjọ́ orí wọn wá a ní káúńtì kan náà, mo rí ọkùnrin kan, ará Nọ́wè, ọjọ́ orí bára mu. Mo ti kọ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà sínú ìwé mi. Ìgbà tí mo tún bá ọkùnrin yìí pàdé ní 1920, tó ṣì ń dáko, ni ojú mi là. Òkúta tó wà lórí ibojì bàbá àgbà tiwa sọ pé 1911 ni wọ́n kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, òun sì ni kókó gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà náà, àwọn ará oko ní Nọ́wè kì í jẹ́ orúkọ ìdílé bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí Ole bá bí ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Hans, Hans Olsen ni. Tó bá bí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Anna, Anna Olsdatter ni. Bí Hans náà bá bímọ, Hansen ni àwọn yẹn. Obìnrin kì í sì í gba orúkọ ọkọ. Ọmọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí tí yóò fi kú. Lẹ́yìn orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń fi orúkọ oko sí, oko tí èèyàn ń gbé, bíi Haugen tàbí Bakken tàbí Lien. Tó bá kó lọ sí oko mìíràn, orúkọ oko yẹn ni wọ́n á fi máa pè é. Ọdún 1923 ni òfin tó ní kí olúkúlùkù ní orúkọ ìdílé kan ṣoṣo tó dé ní Nọ́wè. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, àwọn kan di orúkọ bàbá wọn mú, àwọn kan mú orúkọ oko. Nínú ilé tiwa yìí, orúkọ bàbá ni bàbá àgbà jẹ́ títí di 1885. Nígbà tó máa fi di 1900, wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ oko. Àbúrò wọn tó wà ní oko kejì kò yí tirẹ̀ padà. Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ ìdílé méjì.

Ó yẹ kí n tètè mọ̀. Èmi tí wọ́n ń bi léèrè láti kékeré pé "ọmọ agboolé wo?" Ẹ má wá èèyàn yín pẹ̀lú orúkọ bàbá nìkan, ẹgbẹ̀rún Ole Olsen ló wà. Ilẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ṣùgbọ́n orúkọ oko kan náà lè wà ní ìlú mẹ́wàá ní Nọ́wè, torí ohun tó wà lójú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́: Haugen jẹ́ òkè kékeré, òkè kékeré ò sì wọ́n níbẹ̀. Mo ní láti mọ ìjọ tí wọ́n ti wá. Ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ò ràn mí lọ́wọ́, "Nọ́wè" lásán ni wọ́n máa ń kọ. Ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin wọ́n sí ló sọ ọ́. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì náà gbé e jáde fún mi, ìwé ńlá tó ní èèpo awọ, èdè Nọ́wè ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ní ìlà ìsìnkú bàbá àgbà, ọdún 1911, lábẹ́ ibi tí wọ́n bí wọn sí, mo ka "Lyster, Sogn." Luster ni wọ́n ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Ní agbègbè Sogn, etí Sognefjord ló wà, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ láàárín òkè gíga.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣí Digitalarkivet, ibi tí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba Nọ́wè kó ìwé àtijọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkànìyàn tó ní orúkọ gbogbo èèyàn ní 1801 wà níbẹ̀, ti 1865, 1875, 1891, 1900, 1910 àti 1920 náà wà. Mo mú 1865, mo mú ìjọ Luster, mo mú orúkọ oko. Wọ́n wà níbẹ̀.

Bàbá wọn ni wọ́n kọ sí òkè, iṣẹ́ rẹ̀: "Husmand med Jord." Ìyẹn ni ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń dá díẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san án fún onílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ yóò yé. Orúkọ oko tí ọkọ mi ń jẹ́ lónìí kì í ṣe ti ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ ní. Ti ilẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ń sìn ni. Ìkànìyàn yẹn ka ohun ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú. Màlúù méjì. Àgùntàn mẹ́fà. Ewúrẹ́ mẹ́rin. Ọkà bálì díẹ̀ àti ànàmọ́ òyìnbó. Èèyàn mẹ́jọ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Mi ò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí wọ́n fi lọ sí ibi tí ìjọba ti ń fún àgbẹ̀ ní 160 éékà ilẹ̀ láti 1862.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí inú 1865. Ọdún tí èèyàn ń lò lọ́wọ́ ni wọ́n kọ, kì í ṣe èyí tó ti pé. Ìdí nìyẹn tó fi lé ní ọdún kan sí ohun tí mo ní lọ́wọ́, tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìkànìyàn ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì: ìrìbọmi, kọ́nfáàmù, ìgbéyàwó, ìsìnkú, àti ti àwọn tó kó kúrò nínú ìjọ. Àwòrán ojú ewé gan-an lẹ ó máa wò, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ sì le: "e" dà bí "n," wọ́n máa ń fi ìlà kékeré sórí "u" kó má baà jọ wọ́n. Àwa tí a mọ̀ pé àmì orí lè yí ọ̀rọ̀ padà, ojú wa tètè ń mọ́ ọn. Síbẹ̀ ìlà kan wà tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wò lásán. Ìyá kan nínú Sognalag ló kà á fún mi. Sognalag jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Sogn ní Amẹ́ríkà, irú ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí àwa náà máa ń dá sílẹ̀ níbikíbi tí a bá dé. Àwọn ará Valdres, agbègbè mìíràn ní Nọ́wè, ti kó ara wọn jọ báyìí ní Minneapolis láti 1899. Ìlà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nfáàmù ìyá àgbà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n bupá fún wọn nítorí ṣọ̀pọ̀ná, torí ẹni tí wọn ò bá tíì bupá fún kì í rí kọ́nfáàmù ṣe. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ dára.

Ìgbéyàwó wọn, oṣù kẹrin 1868. Ojú ewé àwọn tó ń kó lọ, oṣù karùn-ún, orúkọ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn: "Amerika." Ìwé 1900 ti sọ 1869, ṣùgbọ́n ìwé tí pásítọ̀ kọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ni mo gbà gbọ́, àpótí màmá sì jẹ́rìí sí i. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò nínú ìwé tí àwọn ọlọ́pàá Bergen, ìlú èbúté ní Nọ́wè, fi ń kọ orúkọ àwọn tó ń kó lọ, fún irú ọdún yìí. 1874 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ní orúkọ bàbá ọkọ, ìkejì ní ti bàbá ìyàwó. Bí ọmọ bá kú, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin bíi tirẹ̀ ló ń gba orúkọ náà. Ohun tó jẹ́ kí n rí àwọn tó kú nìyẹn. Ọmọbìnrin kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní 1880. Ní 1885, orúkọ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì ló ń jẹ́ ẹ. Mo padà sí ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí àkọ́kọ́ níbẹ̀, 1881. Mo rí ọmọkùnrin méjì mìíràn.

Nígbà tí mo pe bàbá mi, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n pe orúkọ oko náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ti ẹbí ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sétí ọmọ. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbẹ́ òkè ní Luster. Ọmọ omi tó wọnú òkè lọ. Ọmọ olókè tó ní màlúù méjì, tó fi bọ́ ènìyàn mẹ́jọ." Ọmọ náà ń wò mí lójú.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mẹ́sàn-án ni ìyá bí, márùn-ún ló kù. O ti rí mẹ́ta nínú àwọn tó lọ. Ìkẹrin ńkọ́?"

Mo ní mi ò tíì rí i. Wisconsin ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó dé Minnesota. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ni mo ń kà báyìí, láti 1868.