Ẹ̀yin onílé-ìwé jélé-ó-sinmi, ẹ yéé náwó báyìí lórí kíkọ́ àwọn àǹtí láti máa ṣàkíyèsí ọmọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀

Owó yín ń dùn mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí jélé-ó-sinmi káàkiri Àkúrẹ́.

1. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti to ohun tọ́mọ lè ṣe sí bẹ̀rẹ̀. Àǹtí tí ò tíì mọ ọmọ wò á kàn tíìkì gbogbo ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí táàmù bá ń parí lọ.

2. Kámẹ́rà ara ògiri ò lè bá yín wo ọmọ.

3. Sẹmínà. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á gba họ́ọ̀lù ní Alágbàká, ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ìrẹsì wà, sátífíkéètì wà, ọmọ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀! Ṣé wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán láìfọwọ́ kan aṣọ ni? Ẹ mú àǹtí méjì, kí wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀ kíláàsì, kí wọ́n wo ọmọ kan náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí kálukú kọ tiẹ̀ láìwo ti ẹnì kejì: aago mélòó, ibo lọmọ wà, kí ló ṣe, kí ló sọ, tó bá sì jẹ́ Yorùbá ló fi sọ ọ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí wọ́n wá kà á síra wọn létí. Ọ̀kan á kọ “olórí kunkun ni”, ìkejì á kọ “mo pè é lẹ́ẹ̀mejì látẹ̀yìn, kò yíjú, mo lọ síwájú ẹ̀, ó dáhùn”. Ti ìkejì yẹn lẹ fẹ́. Ilé-ìwé kan ti ń na ọmọ ọdún mẹ́ta torí wọ́n ní alágídí ni, irú àkọsílẹ̀ yìí la fi fura, màmá ẹ̀ gbé e lọ ọsibítù, omi ló wà lẹ́yìn ìlù etí ẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tí ò gbọ́ràn dáadáa ni wọ́n ń nà!

Ẹ má sì máa fa ọmọ tó dúró tó ń wo àwọn tó ń ṣeré. Mildred Parten, olùwádìí ará Amẹ́ríkà nípa eré ọmọdé, ti kọ ọ́ láti 1932 pé wíwo eré wà lára bí ọmọdé ṣe ń kópa nínú eré, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọmọ méjì máa ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìbá ara wọn ṣe.

Àǹtí tó ń dá fọ ìdí, tó ń dá fún wọn lóúnjẹ, ìgbà wo ló fẹ́ kọ nǹkan? Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má gbé àkọsílẹ̀ ọmọ sórí WhatsApp àwọn òbí o.

Tó bá di ọ̀sán Fráídè, ẹ jókòó kà á pọ̀, kẹ́ ẹ pinnu ohun ìṣeré tẹ́ ẹ máa gbé jáde fún àwọn ọmọ ní Mọ́ńdè. Ọmọ tó ń da yanrìn láti ife kan sí òmíràn ṣáá, ẹ bá a wá ìgò, àrọ àti omi.