Adìyẹ Ìbílẹ̀ Lẹ́yìnkùlé: Bí A Ṣe Lè Sìn Ín Kí Irú Rẹ̀ Má Baà Run

Ẹ̀yin tí ẹ ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Agége, Ìpájà, Ayọ̀bọ̀ tàbí Alákùkọ (ìlú tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ní àkùkọ nínú), ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Kò dìgbà tí ẹ bá ní oko. Àgbébọ̀ 5 àti àkùkọ 1 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣe ju sísin lọ: ẹ bá mi tọ́jú irú wọn.

Mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín yìí rí. Kérésì kan, oníbàárà kan yà sílé mi, ó nawọ́ sí àkùkọ pupa kan tó ga dé orúnkún mi. Owó tó dá lé e wù mí, mo sì tà á. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà ló ṣẹ́kù, ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́. Òun ló gun gbogbo àgbébọ̀ mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ẹyẹlé. A máa ń rò pé àrùn àti olè nìkan ló ń ba irú adìyẹ jẹ́. Ọwọ́ àwa tí à ń ta èyí tó dára jù, tí à ń fi èyí tí kò dára sílẹ̀ láti bímọ, wà níbẹ̀.

Àwọn irú tó yẹ kí ẹ mọ̀

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ká sòótọ́, adìyẹ kì í làágùn bíi tiwa. Ó ń fi èémí lé ooru jáde, ó sì ń gba ibi tí ìyẹ́ kò bò lára rẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí abólọ́rùn, adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ wà níhòòhò, fi bá Èkó mu. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tí páánù òrùlé bá ń ta ooru, adìyẹ agric aládùúgbò mi á la ẹnu sílẹ̀, á na apá méjèèjì kúrò lára, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Abólọ́rùn tèmi á wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ọrùn rẹ̀ á pọ́n bí ata, á máa tan ilẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Irú yìí kì í ṣòro láti mú dúró: bí akọ tàbí abo nìkan bá jẹ́ abólọ́rùn, ẹ ó rí i nínú àwọn ọmọ.

Oníyẹ̀ẹ́ kíká tún wà, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ yí sókè bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Òun náà fara da ooru, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹ má fi akọ rẹ̀ gun abo rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí 1 nínú ọmọ 4 ni ìyẹ́ rẹ̀ á gbẹ, á máa já dànù, ara rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún òtútù àti òjò. Ẹ fi oníyẹ̀ẹ́ kíká gun adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́. Bí ìdajì ọmọ á ká, ìdajì á tẹ́, gbogbo wọn á sì le.

Òpìpí ni èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò kún. Kò lè fò kọjá ògiri bọ́ sí ọgbà ará ilé kejì, èyí sì ń dín ìjà kù ládùúgbò wa tí ilé fún mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò lè sá fún ológbò pẹ̀lú, nítorí náà kí ilé rẹ̀ tètè máa di títì nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ń wá òpìpí àti oníyẹ̀ẹ́ kíká fún ètùtù, owó gidi ni wọ́n sì ń san. Ẹ tà fún wọn, àmọ́ ẹ má ta akọ àti abo tó kẹ́yìn lọ́wọ́ yín.

Ìyípo àkùkọ

Àkùkọ 1 tó fún àgbébọ̀ 8 sí 10. Bí ẹ bá fi àkùkọ kan náà sílẹ̀ títí ó fi gun àwọn ọmọ tirẹ̀, ẹyin tí kò pa yóò máa pọ̀ sí i, òròmọdìyẹ á máa kú láìnídìí tí a lè tọ́ka sí. Ilé 4 tàbí 5 ládùúgbò kan lè fi ohùn ṣọ̀kan: lọ́dọọdún, àkùkọ ilé kìíní á lọ sí ilé kejì, ti kejì á lọ sí ẹ̀kẹta, títí èyí tó kẹ́yìn á fi padà sí ilé kìíní. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àkùkọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 kí ẹ tó dà á mọ́ àwọn tó kù.

Ẹ óò rí ẹni tó máa ní kí ẹ fi àkùkọ tí wọ́n ti tún irú rẹ̀ ṣe gun tiyín. Èmi kò bá irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ jà. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta mú adìyẹ ìbílẹ̀ gan-an, wọ́n tún un ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha. Ṣùgbọ́n ẹ sìn ín sí ọ̀tọ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ń yé bí ẹyin 40 sí 60 lọ́dún, agric tí wọ́n ń sìn fún ẹyin ń yé tó 300. Èyí tí agric kò lè ṣe ni kó sàba, kó pa, kó sì kó ọmọ rẹ̀ kiri. Bí àdàlú bá pọ̀, sísàba ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ilé àti oúnjẹ

Ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú, 5 lóòró, gba adìyẹ 11 sùn. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí àgbàrá. Èérí ògì, àgbàdo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ikán dára fún wọn. Ẹ má fún wọn ní àgbàdo tó ti hu olú. Ẹ ti gbọ́ ọ pé adìyẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì. Iwe inú rẹ̀ ni eyín adìyẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì fi ń lọ oúnjẹ. Bí sìmẹ́ńtì bá ti bo gbogbo àgbàlá yín, ẹ bá wọn wá òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun ìgbín tí ẹ gún.

Ẹyin sísàba

Ẹ kó ẹyin sí ibi tó tutù, kí ẹnu ṣóńṣó wà nísàlẹ̀, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ kí ẹ tó gbé e fún ìyá. Ẹyin 10 tó o. Bí ó bá pọ̀ jù, èyí tó wà létí á tutù. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ tan iná fóònù, ẹ gbé ẹyin lé e lórí. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tín-ín-rín tó tàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ọmọ wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara, ẹ yọ ọ́. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fọ́ èèpo.

Àrùn Newcastle

Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ àrùn adìyẹ yìí ní Nàìjíríà, láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Títí dòní, bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀ ló ń jà jù. Ìgbẹ́ á dà bí ewé, apá á rọ, ọrùn á lọ́, ó sì lè gbá gbogbo àgò mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní oògùn ìwòsàn. Àjẹsára nìkan ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 rọrùn fún ilé kékeré: ẹ̀kán 1 sójú kan, ẹ dúró kí adìyẹ ṣẹ́jú, ó parí. Ẹ tún un ṣe ní oṣù 4-4. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ mú wọn, kí wọ́n tó jáde. Ẹ má ṣe é fún èyí tó ti ń ṣàìsàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Oko-Ọba, Agége. Ẹ béèrè níbẹ̀ tàbí lọ́wọ́ dókítà ẹran tó sún mọ́ yín. Bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ tètè pè wọ́n. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á: àrùn adìyẹ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó wọ Nàìjíríà ní 2006, ti pa èèyàn l'Ékòó rí, ní 2007.

Kí Kérésì tó dé

Ní oṣù Kẹwàá, ẹ mú àwọn àkùkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó gún, ẹ wo ojú wọn bóyá ó mọ́, ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì rántí ìyá tó pa wọ́n: ọmọ mélòó ló kó, mélòó ló dàgbà? Èyí tó bá borí, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé, títí kan ọmọdé tó ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ẹ kò sí nílé, pé adìyẹ olówùú pupa kò sí fún títà.